Tọkọtaya Àjèjì Wọlé Ìkirè àti Àpòmù: Àwa Onílé Dà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lóde òní, àgbà wà lọ́jà, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà ní mọ́ṣáláṣí, ó sì wà lóde ìnáwó ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tí a kì í ti í bá a ni ilé rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an sì ni orí ọmọ tuntun ti ń wọ́.

Ohun tí ó mú mi sọ èyí ni ọ̀rọ̀ tọkọtaya àgbà kan, míṣọ́nnárì Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ìjọ Mọ́mọ́nì, tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ àwọn ìdílé inú ìjọ wọn ní Ìkirè àti Àpòmù, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn tọkọtaya tí ìjọ yìí ń rán jáde báyìí sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí ọmọ wọn ti dàgbà. Wọn kì í gba owó oṣù. Àpò ara wọn ni wọ́n ti ń gbọ́ bùkátà ara wọn. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe ti ìsọjí ìta gbangba, níbi tí gbohùngbohùn ti ń dí ará àdúgbò létí. Bàbá, ìyá àti ọmọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: bí tọkọtaya ṣe ń gbọ́ ara wọn yé, bí a ṣe ń gbàdúrà pọ̀ nínú ilé, bí a ṣe ń fi owó pamọ́, bí òbí ṣe lè ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ láti jókòó ti ọmọ rẹ̀.

Irú ìròyìn báyìí kì í pẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan á ní àbùkù gbáà ni kí òyìnbó máa wá kọ́ ọmọ Yorùbá bí a ṣe ń tọ́jú ẹbí, àwa tí a fi ọ̀rọ̀ ẹbí ṣe ẹ̀mí. Àwọn mìíràn á ní ìjọ Mọ́mọ́nì kì í ṣe ìjọ Kristẹni bíi tiwa, nítorí náà kò sí ohun tí ó lè ti ọwọ́ wọn wá tí ó yẹ ní gbígbọ́. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, n kò sì kọ èyí láti polówó wọn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé ìhà méjèèjì ló ń sá fún ọ̀rọ̀. Ìtìjú wa kò sí nínú pé àlejò wọlé wá kọ́ni. Ìtìjú wa ni pé nígbà tí àlejò wọlé, kò bá onílé.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń fi òwú bo ẹ̀gún fún àwọn àlejò wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ohun tí ìtàn wí nípa wọn. Títí di oṣù kẹfà ọdún 1978, ìjọ yìí kò gba ọkùnrin aláwọ̀ dúdú sí ipò àlùfáà wọn. Wọ́n gbà gbọ́ pé nínú tẹ́ńpìlì ni a ti ń so ọkọ, aya àti ọmọ pọ̀ títí ayérayé. Ìdílé aláwọ̀ dúdú kò sì ní ìpín nínú ètò yẹn. Ẹ ronú sí i: àwọn tí ó fi ìdílé ṣe òpómúléró ìgbàgbọ́ wọn ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ìdílé tiwa. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1960 sókè ni àwọn ọmọ Nàìjíríà kan, ní ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè wa, ti ń kọ lẹ́tà sí wọn, tí wọ́n sì ń dá ìjọ sílẹ̀ lórúkọ wọn láìrí míṣọ́nnárì kankan. Oṣù kọkànlá ọdún 1978 ni wọ́n tó rán tọkọtaya méjì, Rendell àti Rachel Mabey pẹ̀lú Edwin àti Janath Cannon, wá sí Nàìjíríà. Lóṣù náà ni wọ́n ri Anthony Obinna bọmi ní ìpínlẹ̀ Ímò, òun àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn. Tẹ́ńpìlì wọn àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí ó wà ní Aba, kò ṣí ilẹ̀kùn títí di ọdún 2005.

Gbogbo èyí jẹ́ òtítọ́, ó sì yẹ kí ó máa wà lọ́kàn ẹni tí ó bá ń gbọ́ ẹ̀kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ẹni tí ó ń kọ́ni kò sọ pé kí ẹni tí ebi ẹ̀kọ́ ń pa má jẹun. Ìbéèrè mi ni pé: kí ni àwọn wọ̀nyí mọ̀ nípa ilé tí àwa ti gbàgbé?

Ní ọdún 1915, àwọn olórí ìjọ náà kọ̀wé sí àwọn ọmọ ìjọ pé kí òbí máa kó ọmọ jọ nínú ilé láti gbàdúrà, láti kọrin àti láti kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1970, wọ́n ya alẹ́ ọjọ́ Ajé sọ́tọ̀ fún un, wọ́n sì pàṣẹ pé kí ìjọ má ṣe pe ìpàdé kankan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ ni èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù kìíní ọdún 2019: wọ́n dín ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kù láti wákàtí mẹ́ta sí méjì, kí àwọn ìdílé lè rí àyè kẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé. Ẹ̀yin ará, ẹ sọ fún mi, ìjọ wo nínú tiwa, láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀, ni ó ti dín wákàtí ìsìn kù rí nítorí kí bàbá lè rójú ọmọ rẹ̀?

Tiwa ń lé sí i ni. Ẹ jẹ́ kí á ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ọmọ ìjọ tí ó fọkàn sin Ọlọ́run lórí ìka. Ọjọ́ Ajé, ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ọjọ́rú, àdúrà àwọn obìnrin. Ọjọ́bọ̀, ìsìn ìtúsílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, àìsùn tí ó ń mú ilẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìfidánrawò ẹgbẹ́ akọrin, tí kò bá sí ìnáwó. Ọjọ́ Ìsinmi, láti àárọ̀ di ọ̀sán. Kì í ṣe gbogbo ìjọ ni ó ní gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ìyá tàbí bàbá kan tí ìgbé ayé rẹ̀ rí báyìí. Àwọn arákùnrin àti arábìnrin wa nínú Ìsìláàmù kò sì gbọdọ̀ fi èyí rẹ́rìn-ín. Ìpàdé àsàlátù àti ìpàdé ẹgbẹ́ lónírúurú ti sọ ọjọ́ ìsinmi tiwọn náà di ọjọ́ ìta. Pásítọ̀ tí ó bá fẹ́ mọ bí ìjọ rẹ̀ ṣe ń lọ, iye ènìyàn tí ó wà lórí ìjókòó ni yóò kà. Ta ni ó ń ka iye ilé tí bàbá ti bá ọmọ rẹ̀ jẹun lọ́sẹ̀ yẹn?

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé, "Ìjọ tiwa ní ìpàdé inú ilé." Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìpàdé yẹn, ilé ẹnìkan ni àwọn aládùúgbò ń lọ kóra jọ sí. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ ti tún fi ilé tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Ohun tí mo ń sọ kì í ṣe ìjọ tí ó ṣí wọ inú ilé. Ilé tí ó jókòó ti ara rẹ̀ ni mò ń wí.

Báwo ni a ṣe dé ibi tí a dé yìí? Kì í ṣe òní. Ní ọdún 1853, tọkọtaya míṣọ́nnárì mìíràn dé Ìbàdàn, David àti Anna Hinderer, tí ìjọ Áńgílíkà rán wá. Wọn kò bí ọmọ kankan, ṣùgbọ́n ọmọ kún inú ọgbà wọn ní Kúdẹtì. Olóyè Olúnlóyọ̀ fa ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé wọn lọ́wọ́, àwọn wọ̀nyí sì wà lára àwọn ọmọ tí ó kọ́kọ́ mọ̀wé ní Ìbàdàn. Títí di òní, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní ìlú náà ń jẹ́ orúkọ Yéjídé. N kò ní fi ẹnu kékeré bu ohun tí tọkọtaya yẹn ṣe. Wọ́n gbé àárín wa títí di ọdún 1869, wọ́n kọ́ èdè wa, wọ́n sì la ogun àti ebi kọjá pẹ̀lú wa. Àǹfààní ìwé tí wọ́n gbé wá, àwa tí a ń kọ̀wé tí a sì ń kà á lónìí wà lára àwọn tí ó ń jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ìgbà náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé wọn: pé ibi tí a ti ń kọ́ ọmọ kì í ṣe ilé bàbá rẹ̀. Láti ọgbà míṣọ́n, a mú ọmọ lọ sí iléèwé. Láti iléèwé, a mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń gbé inú ọgbà rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a tún wá olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. A fi ẹ̀kọ́ Ọlọ́run lé olùkọ́ ọjọ́ Ìsinmi lọ́wọ́. Nígbà tí ọmọ bá wá ya ìyàkuyà, a gbé e lọ fún wòlíì tàbí áfáà kí ó bá wa gbàdúrà sí i. Gbogbo ẹni tí a lè san owó fún ni a ti gbéṣẹ́ ọmọ títọ́ fún. Ìyẹn ni mo ṣe ní ọ̀rọ̀ yìí ní ìyípadà nínú: àwọn tọkọtaya míṣọ́nnárì ìgbà ìṣáájú mú ọmọ jáde nílé láti kọ́ ọ, ti ìsinsìnyí ń wọ ilé láti bẹ òbí pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó kọ́ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn ará Àpòmù gan-an kò yẹ kí wọ́n nílò ẹni tí yóò sọ fún wọn ohun tí ọmọ tí kò gba ẹ̀kọ́ ilé lè fi ìlú ṣe. Sámúẹ́lì Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921 pé ọjà Àpòmù jẹ́ ọjà ńlá tí àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, tí àwọn ọ̀dájú sì ti ń jí ènìyàn tà níbẹ̀. Ọmọ ọba Ọ̀yọ́ kan, Awólẹ̀, ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ sí oko ẹrú ní Àpòmù, wọ́n sì jẹ ẹ́ níyà fún un. Nígbà tí ó jọba ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, kò gbàgbé ẹgba tí ó jẹ. Ó fẹ́ kí a kó ogun lọ bá Àpòmù. Baálẹ̀ ìlú náà sá lọ sí Ifẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kí ìlú rẹ̀ má baà parẹ́. Ọmọ ọba ni ẹni yẹn. Kò rí ìyà oúnjẹ, kò sì rí ìyà aṣọ. Ohun tí kò wọ̀ ọ́ lára ni pé ènìyàn kì í ṣe ọjà.

Ǹjẹ́ a ti bọ́ nínú rẹ̀? Ọ̀dọ́ tí ó fi ẹ̀rọ ayélujára lu opó ní jìbìtì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń kọrin yìn ín, ẹ̀yà ara ẹni kan náà ni. Ẹni tí ó ń wá ẹ̀yà ara ènìyàn fi ṣe oògùn owó, ọmọ Àpòmù ìgbà Awólẹ̀ kò ní ṣàì dá a mọ̀. Ọlọ́pàá yóò mú un tán, ilé ẹjọ́ yóò dá a lẹ́jọ́ tán, ìbéèrè yóò kù: lálẹ́ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbé owó tí kò ní orísun wọlé, ta ni ó wà nílé láti bi í léèrè? Yorùbá ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A ti ń rí i pẹ̀lú ojú ara wa.

Mo mọ àwíjàre tí ó lágbára jù nínú gbogbo rẹ̀, n kò sì ní fojú di í. Ìṣẹ́ ni. Ìyá tí ó dúró létí títì Ìkirè láti òwúrọ̀, tí ó ń ta dòdò fún èrò ọkọ̀ Ìbàdàn àti Ifẹ̀, tí ó ti gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n rà mọ́ ata, tí ó ti dín in nínú epo pupa kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ni ó kù nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá délé? Bàbá tí ó gun ọ̀kadà títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ohùn wo ni yóò fi pa àlọ́? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa. Ìyá yìí kan náà ni a ń retí ní àìsùn lọ́jọ́ Ẹtì. Bàbá yìí kan náà ni a ń bá wí bí kò bá wá sí ìpàdé àwọn ọkùnrin. Bí ó bá rí agbára fún ti ìjọ, a jẹ́ pé àyè wà, a kàn ti gbà á mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ ni. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mò ń tọrọ, kì í ṣe òru mọ́jú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ní fún àwọn àlejò wa náà, nítorí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí wọ́n bá dé ilé Yorùbá, tí wọ́n wá ọkọ kan, aya kan àti ọmọ wọn, wọn kò tíì ka ilé yẹn tán. Ìyá àgbà tí ó wà ní ìyẹ̀wù ńkọ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n tí a gbà tọ́ ńkọ́? Àbúrò bàbá tí ó jẹ́ mùsùlùmí, tí òun sì ni ó ń san owó iléèwé, ńkọ́? Ẹ̀kọ́ ìdílé tí kò bá rí àwọn wọ̀nyí yóò tú ilé ká ní, kò ní tún un ṣe.

Ìtàn sì ti fi èyí hàn wá rí. Ní ọdún 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà pàdé ní Lambeth ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi ẹnu kò pé a kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin tí ó bá ní ju ìyàwó kan lọ. Nígbà tí ó di ọdún 1891, àwọn ọmọ ìjọ kan ní Èkó ya kúrò, wọ́n dá ìjọ United Native African Church sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkóbìnrinjọ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ojú tiwọn wò. Láàárín ọdún méjèèjì yìí, ní ọdún 1890, ni olórí ìjọ Mọ́mọ́nì ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé ìjọ àwọn yóò dáwọ́ ìkóbìnrinjọ dúró, nítorí pé àwọn baba tiwọn fúnra wọn kó obìnrin jọ! Lónìí, ìjọ náà kì í ṣe ìrìbọmi fún olóbìnrin púpọ̀. N kò gbè sẹ́yìn ìkóbìnrinjọ. Omijé tí ó ti ti ibẹ̀ jáde pọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ìran tirẹ̀ rin ọ̀nà kan ní àná kò yẹ kí ó fi ojú ẹlẹ́gbin wo ọmọ ìyàwó kejì lónìí. Ọmọ náà kò yan ilé tí a bí i sí.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ èdè. Ọdún kan tàbí ọdún kan ààbọ̀ kò tó fún arúgbó láti gbọ́ Yorùbá, a kò sì ní dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé tí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní Ìkirè, òde ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí. Èdè tí ìyá àgbà kò gbọ́ kò lè so ìyá àgbà pọ̀ mọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ta sì ni yóò bá wọn ṣe iṣẹ́ yìí bí kò bá ṣe àwa? Ní Ìkirè kan náà ni Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àṣà àti ìmọ̀ ọmọnìyàn kalẹ̀ sí. Ó yẹ kí àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ máa kọ ìwé pélébé ní Yorùbá tí òbí lè fi bá ọmọ sọ̀rọ̀: ìtàn ìlú, oríkì, àlọ́, ìtọ́jú owó, ìkìlọ̀ lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Bí ọgbọ́n bá parí sínú ìdánwò, kí ni ìlú jẹ nínú rẹ̀?

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta, mo sì ń bẹ̀ yín pẹ̀lú ìbínú ẹni tí ó fẹ́ràn yín. Ẹ̀yin pásítọ̀, wòlíì, alùfáà àti áfáà wa, ẹ fún wa ní alẹ́ kan padà. Ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìsìn ní alẹ́ kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì kéde rẹ̀ lórí pẹpẹ pé ẹni tí ó bá wà nílé lálẹ́ yẹn ń sin Ọlọ́run. Ẹ̀yin ọba àti baálé, nígbà tí ẹ bá ń pe ìpàdé ìlú lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ọlọ́pàá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá. Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró de pásítọ̀, ẹ má sì dúró de òyìnbó. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ gbogbo ilé sínú agbọ̀n kan, ti bàbá ni kí ó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ẹ pe ìyá àgbà jáde. Ẹ jẹun pọ̀. Ẹ bi ọmọ kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́sẹ̀ náà, kí ẹ sì gbọ́ ọ tán kí ẹ tó bá a wí.

Tọkọtaya yìí yóò padà sí ìlú wọn bí àkókò wọn bá pé. Àlejò kì í pẹ́ títí kí ó di onílé. Bí wọ́n bá lọ tán, tí ilé tún ṣófo, ẹ má sọ pé ẹ̀kọ́ wọn ni kò dára. Ẹ sọ pé àwa ni a kò sí nílé.